Ilé Ọba Tó Jó Bù Sí Ẹwà; Fáìlì Tó Jó Ńkọ́?

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní Erékùṣù Èkó tí ó yẹ kí a máa rántí pọ̀. Àwọn jàǹdùkú ya wọ Ìgá Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì gbé ọ̀pá àṣẹ jáde sí ìgboro. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, iná sọ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Igbóṣẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ilé ẹjọ́ tó pẹ́ jùlọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọjọ́ kejì ìbọn tó dún ní Lẹ́kkí nígbà ìfẹ̀hónúhàn EndSARS ni. Ìlú ti gbóná, kò sì sí ẹni tó ráyè ronú nípa ìwé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, bí ó bá jẹ́ ti ògiri àti òrùlé. A lè tún ilé kọ́ kí ó dára ju ti àná lọ. Ṣùgbọ́n fáìlì tó jó kì í bù sí ẹwà. Ẹni tí ń dúró de ìdájọ́ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, opó tí ń bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ nínú ogún ọkọ, ẹni tó wà ní àhámọ́ tí ẹ̀rí tó lè dá a sílẹ̀ wà nínú páálí kan lórí pẹpẹ: kí ni a fẹ́ bá wọn tún kọ́? Níbi tí ẹ̀dà bá wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò, ọ̀nà ṣì wà. Níbi tí kò bá sí, ẹjọ́ ọdún mẹ́wàá lè padà sí ọjọ́ kìíní.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú nípa iṣẹ́ kan tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń ṣe ní kọ̀rọ̀, tí aráàlú kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀: ṣíṣe ẹ̀dà àwọn ẹ̀rọ tí iṣẹ́ ìlú ń gbé inú wọn, dídì í ní àrokò, kí a sì gbé e pamọ́ sí ibòmíràn. Bí mo ṣe ń yẹ ìtàn Erékùṣù Èkó wò, mo rí i pé ohun mẹ́ta tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí kò ṣàjèjì sí wa. Èkíní, ẹ̀dà kan kò tó. Èkejì, ẹ̀dà tó bá ojúlówó gbé inú ilé kan náà yóò bá a jó. Ẹ̀kẹta, àpótí tí a tì pa kò ní ìwúlò kankan bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá sọnù, ewu sì ni bí ó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí á tọ ọ̀rọ̀ náà wá láti ìpilẹ̀.

Ìrántí tí a pín káàkiri

Kí ìwé tó dé Èkó, orí èèyàn ni ìwé. Oríkì, ìtàn orírun, orúkọ àwọn tó ti jẹ oyè, ààlà ilẹ̀ láàárín ìdílé kan sí èkejì, gbogbo rẹ̀ ni àwọn àgbà fi sí orí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé orí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi í sí. Ìsọ̀rí mẹ́rin ni àwọn olóyè Èkó pín sí: Akárìgbèrè, Ìdẹ́jọ, Ògàláde àti Àbàgbọ́n. Àwọn Ìdẹ́jọ ni onílẹ̀. Bí olóyè Ìdẹ́jọ kan bá papòdà, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ kì í bá a wọ ibojì. Àwọn tó bá a pààlà mọ ibi tí igi àlà wà. Àwọn tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń san án fún. Ààfin náà sì mọ̀.

Nígbà tí ìjọba àmúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá, tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, sì bèèrè owó gbà-máà-bínú gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀, ẹjọ́ náà rìn títí dé ìgbìmọ̀ ìdájọ́ àgbà ní London. Herbert Macaulay bá a lọ sí òkè òkun. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ náà dá Olóyè Olúwa láre. Wọ́n gbà pé àwọn ará ìlú ló ni ilẹ̀ náà lábẹ́ àṣà, àti pé ìwé tí Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ní ọdún 1861 kò gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe ìwé àṣẹ kan tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí ló gbè wọ́n níbẹ̀. Àṣà tí ọ̀pọ̀ ẹnu lè jẹ́rìí sí ni. Ìrántí tó wà ní ibi púpọ̀ ṣòro láti pa.

Ẹni tó rù ú kò mọ ohun tó rù

Ìrántí tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ní àléébù kan: kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi ń pàrokò. Ẹyọ owó, ìyẹ́, èso, awọ, okùn, olúkúlùkù ní ohun tí ó ń wí, iye rẹ̀ àti bí a ṣe so ó sì ń wí tirẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, nítorí ẹ̀fà ń fa ọkàn mọ́ra. Owó ẹyọ mẹ́jọ lè jẹ́ ìdáhùn ìfohùnṣọ̀kan, nítorí ẹ̀jọ ń wí pé ọ̀rọ̀ wa jọra. Ẹni tó rù ú lè rìn láti ìlú kan dé èkejì láìmọ ohun tó rù. Ọ̀rọ̀ náà ya àwọn òyìnbó lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ní London fi ń kọ̀wé nípa àrokò ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1880.

Iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní encryption kò ju èyí lọ. A mú ọ̀rọ̀ tó hàn gbangba, a sọ ọ́ di ohun tí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kò lè kà, bí ó tilẹ̀ gbé e lọ́wọ́. Nínú àrokò àtijọ́, àdéhùn láàárín afiránṣẹ́ àti olùgbà ni kọ́kọ́rọ́ náà. Nínú ti òde òní, nọ́ńbà gígùn kan ni. Nítorí náà, ìpàrokò ni n ó máa pè é títí tí ọ̀rọ̀ mi yóò fi parí.

Ìwé dé, iná ti wà nílẹ̀

Lẹ́yìn ọdún 1861, ìwé di ọba lórí ilẹ̀ Èkó: ìwé ilẹ̀, ìwé gbèsè, ìwé ìpín ogún, ìwé ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí ìwé náà wọ̀ jẹ́ ìlú tí iná mọ̀ dáadáa. Ilé koríko fara kan ara wọn. Léraléra ni iná jó Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èyí sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba máa rọ àwọn èèyàn láti fi páànù bo ilé.

Àwọn oníṣòwò Màrínà ní ọgbọ́n kan. Olú ilé iṣẹ́ wọn wà lókè òkun, nítorí náà wọ́n ní láti máa fi ẹ̀dà ìṣirò owó ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí iná bá jó ilé ìtajà Èkó, ìwé kan ṣì wà ní ìlú mìíràn. Ní ọdún 1886, okùn tẹlígíráàmù gba abẹ́ òkun so Èkó mọ́ London. Ní ọdún 1894, báńkì tí a mọ̀ lónìí sí First Bank bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú yìí. Ní gbogbo àgbáyé nígbà náà, àwọn oníṣòwò máa ń lo ìwé àdàkọ fún tẹlígíráàmù: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dúró fún odidi gbólóhùn. Ó dín owó kù, akọ̀wé tẹlígíráàmù kò sì ní mọ iye tí wọ́n ń ná epo pupa. Ìpàrokò ti wọ Màrínà láti ìgbà yẹn.

Ní ti ìwé ìjọba, ìtọ́jú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1951, ìjọba yan onítàn Kenneth Dike láti wo ipò tí àkọsílẹ̀ ìjọba wà káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà. Iṣẹ́ rẹ̀ ló bí ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ní ọdún 1954, èyí tí òfin sọ di National Archives ní ọdún 1957. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ ní Èkó ló wà ní Ìbàdàn lónìí nítorí iṣẹ́ yìí. A dúpẹ́. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i pé ojúlówó ni Ìbàdàn gbà. Gbígbé ohun láti ibì kan sí ibòmíràn kò sọ ọ́ di méjì.

Ilé alájà 32

Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ ní Èkó kò ní gbàgbé oṣù Kìíní ọdún 1983. Ilé gíga kan wà ní Màrínà, alájà 32, tí wọ́n parí ní ọdún 1979. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú òkè òkun wà, ìyẹn Nigerian External Telecommunications tí a mọ̀ sí NET. Iná jó o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde sí ìgboro láti fi ẹ̀hónú hàn, nítorí ọ̀pọ̀ aráàlú fura pé wọ́n dáná sun ún láti fi bo owó tó sọnù mọ́lẹ̀ ni.

Ohun tí ìfura náà ń sọ fún wa ṣe pàtàkì. Èèyàn gbà á gbọ́ kíákíá nítorí pé gbogbo ayé mọ̀ pé ìwé ìṣirò wà ní ibì kan ṣoṣo. Láti ìgbà yẹn ni ó ti di àwàdà kíkorò ní ilẹ̀ wa pé bí olùyẹ̀wé-owó-wò bá ń bọ̀, iná ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí kò bá sí ẹ̀dà, ẹnikẹ́ni tó bá ní ìṣáná ló lè yẹ ìwé owó wò. Nítorí náà, ẹ̀dà ìpamọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lọ. Ọ̀nà kan ni láti fi mú kí ìjọba àti ilé iṣẹ́ jíhìn.

Àyálégbé nínú kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà dé Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1963, nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìkànìyàn. Lẹ́yìn náà ni báńkì àti ilé iṣẹ́ ìjọba ní Màrínà àti òpópónà Broad bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Nígbà náà, ẹ̀rọ kan ń ṣe iṣẹ́ kan. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà nítorí ohun tí a ń pè ní virtual machine.

Ẹ wo àgbàlá àtijọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilé kan ni, onílé kan ló ni ín, ṣùgbọ́n àyálégbé mẹ́wàá ló ń gbé inú rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú yàrá àti àgádágodo tirẹ̀. Virtual machine ni àyálégbé náà. Kọ̀ǹpútà tí a fi ètò dá sínú kọ̀ǹpútà ńlá kan ni. Ó ní ìrántí tirẹ̀, ibi ìkẹ́rù tirẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé òun nìkan ló wà nínú ilé. Ilé iṣẹ́ IBM ti ń dán irú rẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960, wọ́n sì gbé VM/370 jáde ní ọdún 1972. Ní ọdún 1999, VMware gbé tirẹ̀ dé orí kọ̀ǹpútà kékeré tí ọ́fíìsì gbogbo lè rà. Fún ìlú bíi Èkó, tí jẹnẹrétọ̀ ń jẹ dísù tọ̀sán-tòru, ìdí tí wọ́n fi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: iná tí ẹ̀rọ ńlá kan ń jẹ kéré sí ti ẹ̀rọ mẹ́wàá.

Ó ní àǹfààní mìíràn. Gbogbo ohun tó wà nínú àyálégbé yìí, ìwé owó, orúkọ oníbàárà, ètò ìṣiṣẹ́, ni a kó sínú fáìlì ńlá díẹ̀. A lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lódindi nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí a sì jí i dìde lórí ẹ̀rọ mìíràn ní ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kò kéré. Bí àgbàlá náà bá jó, àyálégbé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló sùn sí ìta lálẹ́ ọjọ́ kan.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ẹ jẹ́ kí á sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí ó má jẹ́ ti àwọn onímọ̀ nìkan.

Lákọ̀ọ́kọ́, a ń ya ohun tí mo lè pè ní àwòrán ìṣẹ́jú: ipò tí ẹ̀rọ náà wà ní àkókò kan pàtó. Kí a tó yà á, a ní láti sọ fún ètò ìwé owó pé kí ó parí gbólóhùn tó ń kọ lọ́wọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdajì ìṣòwò ni àwòrán yóò gbé. Ní ìgbà àkọ́kọ́, odindi ni a ń kó. Lẹ́yìn ìyẹn, kìkì ohun tó yí padà láti àná ni a ń kó, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n, kò sì sí ẹni tí yóò máa gbé odindi ilé kọjá afárá lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìpàrokò. A gbọ́dọ̀ dì í ní àrokò kí ó tó jáde kúrò nínú ilé wa, kí ẹni tí a fi pamọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè rù ú láìmọ ohun tó rù. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń lò ni AES, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2001. Ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ló ṣe é. Ẹ̀dà tí a kò dì ní àrokò ju ojúlówó lọ nínú ewu, nítorí olè kò ní láti já ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mọ́. Kí ó kàn gbé díìsì kan nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀, orúkọ àti owó gbogbo oníbàárà ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí a ó gbé e sí. Òfin kan wà tí ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, Peter Krogh, sọ di mímọ̀ káàkiri: kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, kí ó wà lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn. Lónìí, àwọn onímọ̀ fi kún un pé kí ẹ̀dà kan jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè pa rẹ́ tàbí yí padà fún àkókò kan, títí kan alábòójútó fúnra rẹ̀. Ìdí ni pé àwọn ajínigbé orí ẹ̀rọ, tí ń ti fáìlì èèyàn pa kí wọ́n tó bèèrè owó ìtúsílẹ̀, máa ń kọ́kọ́ wá ẹ̀dà ìpamọ́ rí, kí wọ́n pa á ná. Ẹni tí kò ní ẹ̀dà ni yóò san owó.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 2021, ilé ẹ̀rọ kan tó jẹ́ ti OVH jóná ní ìlú Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn oníbàárà kan ti sanwó fún ẹ̀dà ìpamọ́, ọkàn wọn sì balẹ̀. Nígbà tí èéfín lọ sílẹ̀, wọ́n rí i pé inú ilé kan náà ni ẹ̀dà wọn wà. Ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ ní Faransé pàṣẹ kí ilé iṣẹ́ náà san owó gbà-máà-bínú fún ọ̀kan nínú wọn.

Ọdún 2025 kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, iná jó ní Afriland Towers ní òpópónà Broad, ní Erékùṣù Èkó tiwa níbí, ó sì gba ẹ̀mí èèyàn mẹ́wàá, ó kéré tán. Kí á tó sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa fáìlì, ẹ jẹ́ kí á sọ pé ẹ̀mí kò ní ẹ̀dà. Ọ̀nà àbájáde tó ṣí sílẹ̀ àti ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ èéfín ṣáájú ohun gbogbo.

Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, iná jó ilé ẹ̀rọ ìjọba ní ìlú Daejeon, ní Gúúsù Kòríà. Orílẹ̀-èdè tí ń kọ́ ayé ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ni. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ètò ìjọba dúró lójú ẹsẹ̀. Èyí tó burú jù ni ibi ìpamọ́ kan tí wọ́n ń pè ní G-Drive, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó iṣẹ́ wọn sí. Ó lé ní terabyte 850 tó jóná, kò sì ní ẹ̀dà níbòmíràn. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ó ti tóbi jù láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: ó tóbi jù láti pamọ́, ṣùgbọ́n kò tóbi jù fún iná.

Ṣé kí á wá kó gbogbo rẹ̀ lọ sí òkè òkun, bí àwọn oníṣòwò Màrínà ti ṣe? Ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024 dá wa lóhùn. Okùn mẹ́rin lábẹ́ òkun bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, báńkì kò lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ẹ̀dà tó wà ní London kò jóná, ọwọ́ kò kàn tó o ni. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹ̀dà kan wà nítòsí, ní ibi tí a lè fi ọkọ̀ dé, bí Ọ̀rẹ́gùn, Lẹ́kkí tàbí Ìbàdàn, kí òmíràn sì wà lọ́nà jíjìn.

Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ẹ̀dà wà, a ti dì í ní àrokò, ó wà ní ìlú mìíràn. Iná jó ilé wa. A sáré lọ gbé ẹ̀dà náà. Ó ní kí á mú kọ́kọ́rọ́ wá. Níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ó wà nínú kọ̀ǹpútà tó jóná. Ìpàrokò tó dára kò mọ olówó rẹ̀ yàtọ̀ sí olè. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, ẹ̀dà náà kò sàn ju eérú lọ.

Àwọn kan yóò ní kí ọ̀gá kan máa mú un dání. Bí ọ̀gá náà bá kú ńkọ́? Bí ó bá bínú kúrò níṣẹ́ ńkọ́? Bí òun gan-an bá ni ẹni tí olùyẹ̀wé-owó-wò ń wá ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ti dá wa padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ìṣáná.

Ìdílé onílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá tà. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ tí ilé ẹjọ́ Nàìjíríà fọwọ́ sí, olórí ẹbí gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, àwọn àgbà tó dúró fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí àwọn ẹ̀ka bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, asán ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsí ìfohùnṣọ̀kan wọn, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ láti fagi lé e. Ní ọdún 1979, onímọ̀ ìṣirò Adi Shamir, ọmọ Ísírẹ́lì, fi ìṣirò ṣe ohun tó jọ ọ́. A lè pín kọ́kọ́rọ́ kan sí ọ̀nà márùn-ún fún èèyàn márùn-ún, kí ó jẹ́ pé ẹni mẹ́ta èyíkéyìí tó bá péjọ ló lè ṣí àpótí. Ẹni méjì kò lè ṣí i. Bí ẹni méjì bá sì kú, àpótí kò tì pa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ó ku ohun kan ṣoṣo: kí á máa dán an wò. Ẹ̀dà tí a kò jí dìde rí kò tíì di ẹ̀dà, ìrètí lásán ni. Ó yẹ kí ọjọ́ kan wà lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí a ó pe àwọn olùdí-kọ́kọ́rọ́-mú jọ, tí a ó gbé ẹ̀dà sórí ẹ̀rọ òfìfo, tí a ó sì wò ó bóyá ìwé owó àná yóò ṣí. Òfin Ààbò Ìsọfúnni tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 2023 dárúkọ ìpàrokò, ó sì dárúkọ agbára láti dá ìsọfúnni aráàlú padà láìpẹ́ lẹ́yìn ìjàǹbá. Òfin ti sọ tirẹ̀. Ó ku kí á máa bi àwọn ọ́fíìsì tí ìwé wa wà lọ́wọ́ wọn léèrè: ilé ẹjọ́, ilé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀, ilé ìwòsàn, báńkì. Ẹ̀dà mélòó ni ẹ ní? Níbo ni èyí tó jìnnà jù wà? Àwọn wo ló ní kọ́kọ́rọ́? Ọjọ́ wo ni ẹ dán an wò kẹ́yìn?

Ìbéèrè mẹ́rin péré ni. Ẹni tó lè dáhùn wọn láìwo ẹ̀yìn, ẹ fi ọkàn balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń fa ọ̀rọ̀ gùn, ẹ rántí Igbóṣẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tètè lọ ṣe ẹ̀dà ìwé tiyín. Ilé ọba tó jó lè bù sí ẹwà lóòótọ́. Ẹni tí fáìlì rẹ̀ bá a jó ni yóò dúró ní ìta ilé tuntun náà, láìsí ohun tí yóò fi hàn ní ẹnu ọ̀nà.